TP Ìtàn ní Àgbádárìgì: bí o ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ JSS láti ọjọ́ tí o dé títí dé ọjọ́ tí o máa lọ

Bí wọ́n bá na lẹ́tà TP (teaching practice, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́) sí ọ, tí o sì rí i pé Àgbádárìgì ni wọ́n rán ọ lọ, má tíì fọwọ́ lérán. Òótọ́ ni pé ọ̀nà tó ti Mile 2 lọ síbẹ̀ máa ń tánni ní sùúrù. Àmọ́ tó bá jẹ́ Ìtàn ni wọ́n ní kí o lọ kọ́ àwọn ọmọ, kò síbi tó dà bíi rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí ẹni tí wọ́n rán lọ sí Ìkẹjà máa fi àwòrán ṣàlàyé títí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ làwọn ọmọ tìrẹ ń gbà kọjá tí wọ́n bá ń lọ ra búrẹ́dì.

Ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ wà. Ọmọ Àgbádárìgì ti gbọ́ ìtàn òwò ẹrú, ìtàn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ìtàn igi Àgíà kí o tó dé. Á kà á fún ọ wàrà-wàrà bí ẹni ń kọrin. Ohun tí wọn kì í sábà bi í ni pé: ta ló sọ fún ọ, báwo lonítọ̀hún sì ṣe mọ̀? Bí o bá lo gbogbo TP rẹ láti fi ìbéèrè yìí sí wọn lẹ́nu, o ti ṣe ju ẹni tó fi nóòtì kún ìwé wọn lọ. Orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

1. Kí o tó gbéra

Wá ibi tí o máa sùn nítòsí. Ẹni tó ń ti Ìyànà-Ìba wá lójoojúmọ́ kò ní bá wọn pé ní àsémbílì, pàápàá lásìkò òjò, pírínsípà kì í sì í gbọ́ àwáwí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ní ojúlùmọ̀ ní Àjárà, ní Ìbẹ̀rẹ̀kò tàbí láàárín ìlú, lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà ọ́ sílé fún sáà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUED (Yunifásítì Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó) tó ń gbé ní Ìjànìkìn sàn díẹ̀ ju ẹni tó ń ti Àkọkà bọ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ jí ní kùtùkùtù.

Ṣe ẹ̀dà lẹ́tà rẹ tó mẹ́ta ó kéré tán. Àgbádárìgì wà lábẹ́ Ẹ̀kùn Ètò Ẹ̀kọ́ Karùn-ún ní Èkó, nítorí náà béèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ bóyá lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá ní ọ́fíìsì Ẹ̀kùn kó tó dé ilé-ìwé ìjọba, tàbí wọ́n ti bá ọ ṣe ìyẹn. Má sì gbàgbé pé Junior ní pírínsípà tirẹ̀, Senior ní tirẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà nínú ọgbà kan. Àwọn kan ti jókòó di ọ̀sán síwájú ọ́fíìsì ọ̀gá tí kò ni wọ́n.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí o mọ̀ kí ẹnu má bàa yà ọ́. Láti sáà 2009/2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ní kó padà wá. Ohun tí èyí ń sọ fún ọ ni pé olùkọ́ tí o máa bá níbẹ̀ lè jẹ́ olùkọ́ Social Studies tàbí CRS tí wọ́n kàn gbé Ìtàn lé lọ́wọ́. Ìwé tó wà nílẹ̀ lè má kárí. Ìwọ fúnra rẹ lè má kọ́ ọ ní JSS rí. Nítorí náà, ka ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ JSS ní kíkún kí o tó lọ, má dúró de ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.

2. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: etí ni kí o fi ṣiṣẹ́

Kí gbogbo àgbà tí o bá bá nínú yàrá àwọn olùkọ́, títí kan ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá géètì. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó bá yẹ, torí Àgbádárìgì lo wà, o ò sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà, lọ bá olùkọ́ tó ni kíláàsì, kí o sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ bá sikíìmù dé?” Ìdáhùn tí o máa gbọ́ lè jẹ́: “Ó dáa tí o tètè dé, wá gba gbogbo ẹ̀.” Bí wọ́n bá tún fẹ́ fi Civic àti Social Studies kún un, má kọ̀ ọ́ lójú wọn. Sọ pé: “Màá ràn yín lọ́wọ́ mà, àmọ́ Ìtàn ni sùpáfáísọ̀ mi máa wá wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ná.” Kò sí olùkọ́ tó gbọ́n tí kò ní gbà pẹ̀lú ẹ.

Jókòó sẹ́yìn kíláàsì kí o wò. Àwọn wo ló lè ka ìwé sókè, àwọn wo ló kàn ń la ẹnu? Àwọn wo ló ń sọ Ègùn síra wọn lábẹ́ tábìlì? Ìgbà wo ni ariwo ìta máa ń wọlé? Béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá iye ọmọ máa ń dín kù lọ́jọ́ ọjà Àgbàlàtà, torí ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà yẹn, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan náà ló ń bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, má fi ìdánwò sí ọjọ́ yẹn.

Wọ́n á fẹ́ máa pè ọ́ ní Àǹtí TP tàbí Ọ̀ńkù TP. Kò burú, àmọ́ kọ orúkọ rẹ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí o sì jẹ́ kí wọ́n fi pè ọ́. Olùkọ́ tí wọ́n ń pè lórúkọ máa ń rí ojú tó yàtọ̀.

3. Lẹ́sìn nóòtì: ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pa pọ̀

Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀: ọjọ́, kíláàsì, ọjọ́ orí, àkòrí, àkókò, ohun èlò, ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá, èròǹgbà, ìgbésẹ̀, ìgbéléwọ̀n, iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyẹn kò le. Ibi tí wọ́n ti máa ń gba máàkì lọ́wọ́ olùkọ́ TP ni èròǹgbà. “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ orísun ìtàn” kò tó, torí o ò lè rí “mọ̀” lójú. Kọ ohun tí ọmọ máa ṣe tí ojú rẹ máa rí: yóò dárúkọ orísun mẹ́ta, yóò pín ohun mẹ́fà sí abẹ́ orísun tó yẹ, yóò béèrè ìbéèrè méjì nípa ìtàn tí wọ́n sọ fún un. Mẹ́ta tó. Ẹni tó bá kọ mẹ́fà fún ìṣẹ́jú 40 ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àkòrí tí mo fẹ́ mú ni orísun ìtàn, tó wà ní JSS 1. Òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fi ìtumọ̀ orí ìwé bàjẹ́ jù.

Fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Pe ọmọ kan dìde, kí o bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Yóò dáhùn. Wá bi í pé: “Ṣé o rántí ọjọ́ náà?” Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. “Báwo lo ṣe wá mọ̀?” Ọ̀kan á ní màmá òun ló sọ fún òun. Òmíràn á ní ó wà nínú bátì sátífíkéètì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ ohun kẹta, ìwọ bi wọ́n: aṣọ kékeré tí màmá rẹ kó pa mọ́, tí kò lè gba apá rẹ mọ́ yẹn, kí ló ń sọ fún wa? Orísun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé sójú pátákó láìjẹ́ pé o tíì la ìwé: ohun tí a gbọ́, ohun tí a kọ, ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15 tó tẹ̀ lé e ni kí o fi gbé wọn jáde kúrò nínú ilé wọn. Fún ohun tí a gbọ́, lo oríkì ìdílé àti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ tí iṣẹ́ wọn ni láti rántí ìtàn ọba. Fún ohun tí a kọ, lo lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn míṣọ́nnárì bíi Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther. Fún ohun tó ṣẹ́kù, ìwé wọn máa dárúkọ ère Nok, tí àwọn tó ń wa kùsà tanganran bá pàdé ní 1928, àti Igbo-Ukwu, níbi tí ọkùnrin kan ti ń gbẹ́ kànga omi sínú àgbàlá rẹ̀ ní 1938 tó fi kan idẹ. Dárúkọ wọn kí o kọjá. Ọkọ̀ Dufuna ni kí o dúró tì, torí ọmọ tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà mọ ọkọ̀. Darandaran kan ló ń gbẹ́ kànga ní ìpínlẹ̀ Yobe ní 1987, tí irin rẹ̀ kan igi líle nísàlẹ̀. Ọkọ̀ odindi ni, ó gùn tó mítà mẹ́jọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún, èyí tó jù ti àwọn pírámíìdì Íjíbítì lọ ní ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ kí ọmọ méjì fi rúlà tàbí ìṣísẹ̀ wọn mítà mẹ́jọ lára ògiri kíláàsì. Wá béèrè pé: kí ló ń wá ní Yobe, níbi tí iyanrìn pọ̀ ju omi lọ? Jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹni tó bá sọ pé omi gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ nígbà kan ti ronú bí òpìtàn.

Ìṣẹ́jú 12 ni èyí tó ṣe pàtàkì jù. Kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Àkọ́kọ́: wọ́n ní 1502 ni wọ́n dá ọjà ẹrú Vlekete sílẹ̀, bí àwọn tó ń fi àlejò mọ̀nà nílùú ṣe sábà ń sọ ọ́. Èkejì: àwọn òpìtàn tó yẹ ìwé àwọn oníṣòwò Òyìnbó wò sọ pé ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Àgbádárìgì tó di èbúté òwò ẹrú, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 1700. Ọ̀rúndún méjì ló wà láàárín wọn. Má sọ fún wọn pé ọ̀kan jẹ́ irọ́. Fún wọn ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n fi wọn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: Ta ló sọ ọ́? Ìgbà wo ló sọ ọ́, ṣé nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa? Kí ló lè mú kó gbàgbé, tàbí kó bù mọ́ ọn?

Èrò tèmi ni pé ẹ̀rí èkejì ló lágbára jù, bí ọmọ bá sì bi ọ́, o lè sọ ohun tí o gbà kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó burú ni kí o ní “méjèèjì ló tọ̀nà” kí àlàáfíà lè wà. Ọmọ á gbọ́ ìyẹn, á sì gbà pé kò sídìí láti wádìí ohunkóhun.

Ìṣẹ́jú tó kù jẹ́ ti ìgbéléwọ̀n àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Kọ ohun mẹ́fà sójú pátákó kí wọ́n pín wọn: oríkì, bátì sátífíkéètì, ìkòkò àtijọ́, lẹ́tà, ìtàn ìyá àgbà, ọkọ̀ Dufuna. Iṣẹ́ àṣetiléwá: lọ bá àgbà kan nílé, béèrè ìtàn kan nípa àdúgbò yín, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn márùn-ún, kí o sì kọ ẹni tó sọ ọ́ fún àgbà náà sísàlẹ̀.

Ìṣòro kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tí ìwé olùkọ́ kì í sọ. Nílé wa, ọmọdé kì í wo ojú àgbà kó ní “ṣé ó dá yín lójú?” Bí o bá rán wọn lọ láìkọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa béèrè, ìyá kan á wá bá pírínsípà pé olùkọ́ TP ń kọ́ ọmọ òun ní àrífín. Nítorí náà, kọ́ wọn ní kíláàsì. Jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ láàárín ara wọn: “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ?” “Ṣé ojú yín ló ṣe é, sà, àbí wọ́n sọ ọ́ fún yín?” “Mà, ǹjẹ́ ìdílé mìíràn máa ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn?” Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu ọmọlúàbí ni wọ́n fi bi í. Inú àwọn àgbà tiẹ̀ máa ń dùn sí i, torí ó jọ pé ẹni náà fẹ́ gbọ́ sí i.

4. Pátákó, ahọ́n àti ariwo

Pín pátákó sí mẹ́ta: ọjọ́ àti àkòrí lókè, ọ̀rọ̀ tuntun lápá kan, iṣẹ́ lápá kejì. Nu ún mọ́ kí o tó jáde. Má fi ìdajì àkókò kọ nóòtì kí àwọn ọmọ máa dà á kọ. Nóòtì ìlà mẹ́jọ tí ọmọ lóye sàn ju ojú ewé méjì tí kò lè kà lọ.

Ìlànà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní JSS, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n á sì fi bi wọ́n ní ìdánwò. Kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé ojú wọn ti ṣú, fi Yorùbá ṣàlàyé, kí o sì padà. Ṣọ́ra kí Yorùbá rẹ má tún ti ọmọ Ègùn sẹ́yìn. Ní kí ọmọ tó gbọ́ méjèèjì ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtàn Àgbádárìgì ló jẹ́ pé Ègùn ni wọ́n fi ń sọ ọ́ nílé, nítorí náà ọmọ tó ń dákẹ́ nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo yín lọ́jọ́ yìí.

Ní ti ariwo: kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè, dákẹ́ díẹ̀, kó o tó dárúkọ ẹni tó máa dáhùn. Bí o bá dárúkọ ṣáájú, gbogbo àwọn tó kù ti sinmi. Máa rìn dé ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe eré. Má na ọmọ, má fi ọmọ sórí eékún nínú oòrùn, bí olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwọ náà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, kò sẹ́ni tó máa dúró tì ọ́.

5. Nígbà tó bá kan òwò ẹrú

Mú sùúrù níbi yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú, òwò ẹrú jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn. Ní Àgbádárìgì, ọmọ ìdílé tó ṣòwò náà àti ọmọ ìdílé tí wọ́n kó lẹ́rú lè jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Má ṣe béèrè láéláé pé “ta ni bàbá ńlá rẹ̀ ta èèyàn?” Má sì jẹ́ kí wọ́n ṣeré ìtàgé tí wọ́n á fi okùn so ara wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, àwọn òbí sì ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n so kì í kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju ìtìjú lọ, àwọn tó ń so ó a sì máa gbádùn rẹ̀ jù.

Kàkà bẹ́ẹ̀, fi ìgbésí ayé èèyàn méjì kọ́ wọn.

Èkíní ni Àjàyí, ẹni tó wá di Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni, bí ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ló jẹ́ nígbà tí ogun kó wọn ní 1821. Béèrè pé ta ló ti pé ọmọ ọdún méjìlá nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló máa lọ sókè, o ò sì ní láti sọ ohunkóhun mọ́ kí wọ́n tó lóye. Wọ́n tà á lọ tà á bọ̀ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó dé Àgbádárìgì ní 1845 gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ogun kò jẹ́ kí wọ́n lè tètè kọjá sí Abẹ́òkúta, ọdún kan àtààbọ̀ ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ tó ti pàdánù láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fa ìlà ọdún sójú pátákó kí wọ́n fi ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Fi 1807 sí i pẹ̀lú, ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn èèyàn rẹ̀, kí o wá béèrè pé: òfin ti wà ní 1807, kí ló dé tí wọ́n ṣì rí Àjàyí tà lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá? Ẹnìkan á ní àwọn Òyìnbó kan kò tẹ̀ lé òfin. Òmíràn á ní òfin Gẹ̀ẹ́sì kò de Potogí. Ẹ̀kọ́ ń lọ.

Ibẹ̀ ni kí o ti kó àwọn ohun tó fa òwò náà jọ: oko ìrèké àti oko òwú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń wá òṣìṣẹ́, ìbọn, ọtí àti aṣọ tí àwọn oníṣòwò ń kó wá sí etíkun, ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ti ń fọ́, àti àwọn ọlọ́lá etíkun tó ń jèrè níbẹ̀. Ẹni tó bá di gbogbo rẹ̀ ru Òyìnbó nìkan, tàbí àwa nìkan, kò tíì kọ́ Ìtàn.

Ẹnì kejì ni Sẹ́ríkí Williams Abass, tí ilé ẹrú rẹ̀ ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé nílùú. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú kúrò ní agbègbè Ìlaròó, ó dé ilẹ̀ Bùràsíìlì, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú àti olóyè ńlá. Ó kú ní 1919. Gbé ìbéèrè kan síwájú wọn: ṣé ẹni tí wọ́n jẹ níyà ni ká pè é ni, àbí ẹni tó jẹ ẹlòmíràn níyà? Jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjì jiyàn, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rí kan wá. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nílùú, nítorí náà sọ ọ́ tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Bí ọmọ kan bá ní “bàbá ńlá tiwa nìyẹn,” dá a lóhùn pé: “A dúpẹ́ pé o wà níbí. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ ní ohun tí ìwọ kò ṣe. Kí ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nílé yín?” Lẹ́yìn náà, má fi ojú sí i lára mọ́ títí ẹ̀kọ́ á fi parí.

6. Mímú wọn jáde

Ohun tó wà nílùú pọ̀: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Màrínà tí wọ́n parí ní 1845, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní ọ́fíìsì D.O. (District Officer, aṣojú ìjọba amúnisìn) àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1863, ibi igi Àgíà níbi tí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842 (igi náà fúnra rẹ̀ wó ní 1959), ọjà Vlekete, ilé ìdílé Mobee, àti Gbẹrẹfú lódìkejì ọ̀sà. Yan méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta. Àwọn ọmọ tó bá wo mẹ́fà kì í rántí ọ̀kan.

Kọ́kọ́ dá lọ. Béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé, wákàtí tí wọ́n ń ṣí, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kọ lẹ́tà sí pírínsípà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí olùkọ́ tó ni kíláàsì fọwọ́ sí i, kí òbí kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí ti ọmọ tirẹ̀. Má mú ọmọ kankan tí ìwé rẹ̀ kò padà wá. Àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ka orí wọn ní ẹnu ọ̀nà gbogbo tí ẹ bá wọ̀ àti èyí tí ẹ bá jáde. Ní ti Gbẹrẹfú, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni kọjá. Mi ò ní gba olùkọ́ TP nímọ̀ràn pé kó kó ọmọ lọ síbẹ̀. Bí ilé-ìwé bá fúnra rẹ̀ ṣètò rẹ̀, láìfù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ọkọ̀.

Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà tó ní àyè mẹ́ta: ohun kan tí mo kà níbí, ohun kan tí afinimọ̀nà fẹnu sọ, ohun kan tí mo fojú rí. Afinimọ̀nà dáadáa á sọ iye èèyàn tí wọ́n fi pààrọ̀ agboòrùn tàbí ìbọn kan. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sábẹ́ “ohun tí wọ́n fẹnu sọ”, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà títí wọ́n á fi rí ẹ̀rí mìíràn. Má já a nírọ́ níwájú wọn. Nígbà tí ẹ bá padà dé kíláàsì, ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí owó tàbí àyè kò bá sí, pe àgbà kan wá sí kíláàsì. Àwọn ọmọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù sílẹ̀ fún àlejò, kí o sì sọ fún un ṣáájú pé ogún ìṣẹ́jú ni, torí àgbà tó bá wọ inú ìtàn kì í wo aago.

7. Ọjọ́ tí sùpáfáísọ̀ bá dé

Kì í sọ ọjọ́. Fáìlì rẹ gbọ́dọ̀ wà lápò ní gbogbo ìgbà, lẹ́sìn nóòtì ọ̀sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ní ìbuwọ́lù, ohun èlò gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bí o bá rí i lẹ́nu ọ̀nà, má yí àkòrí padà, má sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ tó mọ ìwé nìkan. Ó ti rí ìyẹn lọ́dọ̀ àìmọye èèyàn. Kí i, fún un ní fáìlì àti àga lẹ́yìn, kí o sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, gbọ́ ohun tó bá sọ láìjiyàn, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ohun kan náà ló máa wá wò nígbà kejì.

8. Ìdánwò àti ìdágbére

“Ọdún wo ni wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́?” dára fún máàkì kan. Fi ìbéèrè bí èyí kún un: “Ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé bàbá àgbà òun rí i nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ṣé o gbà á gbọ́? Sọ ìdí méjì.” Ọmọ tó bá ṣírò ọdún láti 1845 di òní ti gba máàkì rẹ̀, kódà bí síbẹ́lì rẹ̀ kò bá tọ̀nà. Béèrè bí ilé-ìwé ṣe ń pín máàkì láàárín CA (iṣẹ́ àti ìdánwò kéékèèké inú sáà) àti ìdánwò kí o tó ṣètò ìbéèrè, má sì gbé ìwé ìdánwò lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn láìmáàkì.

Kọ máàkì sínú ìwé olùkọ́ tó ni kíláàsì ní ìkọ́wọ́ tó ṣe é kà, ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí i. Gba ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ pírínsípà kí wọ́n tó kó ara wọn lọ sí ìsinmi, torí bí ilé-ìwé bá ti tì, o lè wá a títí di sáà tó ń bọ̀. Àwọn kádíbọọ̀dù tí o yà, ìlà ọdún Àjàyí àti àwòrán ọkọ̀ Dufuna, má kó wọn lọ. Lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì tàbí kí o fi wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù olùkọ́, kí o sì kọ àkòrí àti kíláàsì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí JSS 1 tuntun ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ olùkọ́ Social Studies ni wọ́n tún máa gbé Ìtàn lé lọ́wọ́.